Ìsinmi Ọjọ́ Mẹ́rin fún Ìdílé ní Ìlú Kàlàbá

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu. Kì í ṣe lórí ààwẹ̀, kì í ṣe lórí ọrẹ, kì í sì í ṣe lórí ìgbéyàwó mímọ́. Lórí ìrìn-àjò ráńpẹ́ ni, irú èyí tí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ jọ máa ń lọ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti sinmi ní ìlú tó wà létí omi. Ẹlòmíràn yóò ní, kí ló kan àlùfáà nínú fàájì? Ó kàn wá púpọ̀. Àwa ni à ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya tí wọ́n ti di àlejò síra wọn nínú ilé kan náà. Àwa ni òbí máa ń bẹ̀ pé kí a bá àwọn bá ọmọ sọ̀rọ̀, nítorí pé ọmọ náà kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí kò ti ọwọ́ ìwà búburú wá. Àárẹ̀ àti àìrójú ló bí wọn.

Ìlú tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Kàlàbá, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Cross River. Ìdí tí a fi yàn án ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń gbé ní Makurdi, Enugu, Port Harcourt àti àwọn ìlú tó yí wọn ká lè fi mọ́tò dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ìdí kejì ni pé nǹkan tí ó lè la ojú ọmọ pọ̀ níbẹ̀, fún ẹni tó bá mọ ohun tó yẹ kí òun wò.

Lílọ sílé yàtọ̀ sí ìsinmi

Bí ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ bá dé, ibo ni ọmọ Yorùbá tó wà lájò máa ń lọ? Ilé ni. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí a máa ń bá nílé dáadáa. Ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, ìkómọjáde wà níbẹ̀, owó aṣọ ẹbí wà níbẹ̀, ìjókòó lórí ilẹ̀ tí ẹbí kò tíì pín náà wà níbẹ̀. Bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, bàbá yóò bọ́ sáàárín àwọn àgbà, ìyá yóò bọ́ sídìí ààrò, àwọn ọmọ yóò sì wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè ara wọn. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ karùn-ún, a ti kó ẹrù padà sínú ọkọ̀. A ti ṣe ojúṣe wa sí ẹbí, a sì ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n àwa tí a jọ wọ ọkọ̀ kan náà kò tíì bá ara wa jókòó.

A kò sọ pé kí ẹ má relé mọ́ o. Ẹni tó bá gbàgbé ilé ti so àpò ìyà kọ́ ni àwọn ènìyàn wa ń wí. Ohun tí a ń sọ ni pé ilé kì í ṣe òrùlé páànù àti ògiri nìkan. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni ilé. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn relé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kí ó má sì tíì dé ọ̀dọ̀ aya àti ọmọ tirẹ̀ rí.

Bí a bá fẹ́ ṣe ìsìn òkú, a máa ń jókòó ti àwọn ọmọ olóògbé kí a lè mọ ohun tí a ó sọ nínú ìwàásù. A ó bi wọ́n pé irú ènìyàn wo ni bàbá wọn. Èsì tí à ń gbọ́ jù lọ ni pé bàbá ṣiṣẹ́ gan-an, bàbá san owó ilé-ìwé gbogbo wa. Bí a bá wá bi wọ́n pé kí ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín, orin wo ló fẹ́ràn, kí ni ojú rẹ̀ rí nígbà èwe, wọn yóò máa wo ojú ara wọn. Ẹ̀rí rere ni pé bàbá ṣiṣẹ́, a kò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn wá pé ọmọ tí ó sun abẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú bàbá rẹ̀ fún ogún ọdún kò rí nǹkan mìíràn sọ. Kì í ṣe pé ìfẹ́ kò sí láàárín wọn. Àyè ni kò sí.

Ohun tí Ìwé Mímọ́ kọ́ wa

Nínú Ìhìnrere Máàkù, orí kẹfà, àwọn àpọ́sítélì padà dé láti ẹnu iṣẹ́ tí Olúwa rán wọn. Inú wọn dùn, wọ́n ń ròyìn gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Èrò ń wọlé, èrò ń jáde, tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò ráyè jẹun. Jésù kò sọ pé kí wọ́n túbọ̀ tẹra mọ́ iṣẹ́. Ó pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sí ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́, kí wọ́n lè sinmi díẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì wọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, èrò ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn, Olúwa sì ṣàánú àwọn ènìyàn náà. Èyí kọ́ wa pé ìsinmi kò ní kí ọkàn ènìyàn le sí aláìní. Ó tún kọ́ wa pé iṣẹ́ Ọlọ́run pàápàá kò pọ̀ jù kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ má sinmi.

Nínú Ìwé Deuterónómì, orí karùn-ún, nígbà tí Mósè tún òfin ọjọ́ ìsinmi sọ, ó so ó mọ́ ìrántí ìgbà tí Ísírẹ́lì jẹ́ ẹrú ní Íjíbítì. Ẹ kíyè sí èyí. Ẹrú kì í sinmi nígbà tó bá wù ú. Ẹni tí ó bá lè pa iṣẹ́ tì fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì gbàgbọ́ pé Ọlọ́run yóò pèsè, ó ń jẹ́rìí pé òmìnira ni òun. Òfin náà kò sì yọ ọmọ, ìránṣẹ́ àti àlejò sílẹ̀, kódà kò yọ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀. Nítorí náà, bí bàbá bá sinmi tí ìyá kò sinmi, a kò tíì pa òfin náà mọ́.

Irú ìlú tí Kàlàbá jẹ́

Kàlàbá wà láàárín odò méjì. Odò Kàlàbá ń ṣàn ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, odò Great Kwa sì ń ṣàn ní apá ìlà-oòrùn. Àwọn Efik, Qua àti Efut ni onílẹ̀. Òkun gan-an ṣì jìnnà díẹ̀ nísàlẹ̀ odò, nítorí náà kí ẹ má lọ retí iyanrìn funfun àti ìgbì òkun létí ìlú bí ẹni lọ sí etíkun Èkó. Ṣùgbọ́n òkun ń bẹ ìlú náà wò lójoojúmọ́. Omi òkun yóò ru gùdù, yóò ti odò sẹ́yìn, odò yóò sì kún. Lẹ́yìn bí wákàtí mẹ́fà, omi yóò fà, ẹrẹ̀ yóò hàn, gbòǹgbò àwọn igi tí ń hù nínú omi iyọ̀ yóò sì yọ síta bí ẹsẹ̀ alákàn.

Àwọn ọmọ yóò béèrè ohun tó fà á, ẹ má ṣe lé wọn dànù. Òṣùpá ní agbára tí ó fi ń fa omi òkun sọ́dọ̀ ara rẹ̀, oòrùn náà sì ń ràn án lọ́wọ́. Bí ayé ti ń yí, omi yóò kún, yóò sì fà ní bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan. Nítorí pé òṣùpá pẹ̀lú ń rìn, àkókò ìkún omi máa ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ ju ti àná lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ omi níbi tí ewu kò sí, pẹ̀lú àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó máa wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ̀kọ́ tí a fi ojú rí kì í bọ̀rọ̀ kúrò lọ́kàn.

Etí odò yìí kan náà ni ìtàn ìbànújẹ́ ti ṣẹlẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ ni a fi ń kó ẹrú láti Kàlàbá sọdá òkun. Ilé kan wà ní Marina tí a yà sọ́tọ̀ fún ìtàn òwò ẹrú. Ẹ mú àwọn ọmọ tó ti tó ọjọ́ orí débẹ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún wọn pé òyìnbó rà, ṣùgbọ́n àwọn dúdú ló tà. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ní orílẹ̀-èdè Kúbà, Carabalí ni wọ́n ń pe àwọn tí a kó láti apá ibí yìí, Lucumí sì ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ Yorùbá. Àwọn tí kò mọ ara wọn rí nílé di aládùúgbò nínú oko ìrèké. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa fojú tín-ín-rín aládùúgbò rẹ̀ nítorí èdè.

Ọlọ́run a sì máa mú ohun rere jáde láti inú ibi. Ní ọdún 1846, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Presbyterian gúnlẹ̀ sí Kàlàbá. Jàmáíkà ni wọ́n ti wá, níbi tí àwọn tí a ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú wà lára àwọn tó ń fẹ́ kí Ìhìnrere dé ilẹ̀ baba wọn. Ilé-ìwé Hope Waddell, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1895, jẹ́ èso iṣẹ́ náà. Nnamdi Azikiwe, tí ó di Ààrẹ Nàìjíríà àkọ́kọ́, wà lára àwọn tó kàwé níbẹ̀.

Lórí òkè tí ó kọjú sí odò, ilé onípákó ńlá kan wà tí àwọn òyìnbó aláṣẹ kọ́ ní ọdún 1884. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gé pákó rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ wá tò pọ̀ ní Kàlàbá. Ilé náà ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí a má ṣe rò pé ìletò lásán ni ìlú yìí nígbà náà: Kàlàbá ni olú-ìlú ilẹ̀ Gúúsù Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba òyìnbó títí di ọdún 1906, tí wọ́n gbé e lọ sí Èkó. Ìlú yìí náà ni wọ́n kó Ọba Ovonramwen ti Bìní lọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìran tí ó ń tọpa ara rẹ̀ dé Ifẹ̀ nípasẹ̀ Ọ̀rànmíyàn ni ọba yìí. Kò padà gun orí ìtẹ́ rẹ̀ mọ́ títí ó fi wàjà ní Kàlàbá ní ọdún 1914. Àwa tí a wà lájò mọ̀ bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti rí lára.

Mary Slessor àti àwọn ìbejì

Ìtàn kan wà ní Kàlàbá tí ó yẹ kí gbogbo ìdílé Yorùbá gbọ́, pàápàá ìdílé tó ní Táyéwò àti Kẹ́hìndé. Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni Mary Slessor. A bí i ní ọdún 1848, nínú ìdílé tálákà. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ahunṣọ, tí ó ń pín ọjọ́ rẹ̀ sí méjì láàárín iṣẹ́ àti ilé-ìwé. Ó dé Kàlàbá ní ọdún 1876. Nígbà náà, ìbejì jẹ́ èèwọ̀ ní agbègbè yẹn. Wọ́n a máa pa wọ́n tàbí kí wọ́n gbé wọn jù sínú igbó, wọn a sì lé ìyá wọn kúrò láwùjọ. Slessor kọ́ èdè Efik títí ó fi ń sọ ọ́ bí ọmọ onílẹ̀. Ó ń gbé láàárín àwọn ènìyàn, ó ń jẹ oúnjẹ wọn, ó ń gba àwọn ìkókó náà là, ó sì ń tọ́ wọn dàgbà nínú ilé tirẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ti gba Krístì gbọ́ bá a ṣe iṣẹ́ náà. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1915, Kàlàbá ni wọ́n sì sin ín sí. Wọ́n ti mọ ère rẹ̀ sí ìlú náà, tòun ti ìbejì lọ́wọ́.

Kí ọmọ Yorùbá má ṣe gbọ́ ìtàn yìí kí ó máa gbéraga pé, àwa ní tiwa, a kì í kọ ìbejì. Lóòótọ́, ìbejì jẹ́ ayọ̀ ńlá lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ wa sọ pé ìgbà kan wà láyé àtijọ́ tí àwọn baba ńlá wa náà ka ìbejì sí ohun àjèjì tí wọn kò sì gbà wọ́n. Ènìyàn lè yí padà, ìlú lè yí padà. Ibi tí a ti ń pa ìbejì, ibẹ̀ náà ni ìyá ìbejì ti ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n lọ́jà lónìí láìbẹ̀rù. Ijọ Presbyterian ni Slessor, a kì í ṣe ìjọ kan náà, ṣùgbọ́n ìfẹ́ Krístì ló fi ṣe é, a sì gbọdọ̀ bọ̀wọ̀ fún un.

Ijọ Àgùdà tiwa náà ní ìtàn níbẹ̀. Ní ọdún 1923 ni Sísítà Mary Charles Walker dé Kàlàbá láti wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ilẹ̀ wa tí wọ́n fẹ́ fi ayé wọn fún Ọlọ́run kó ara jọ yí i ká, láti inú èyí ni ẹgbẹ́ àwọn sísítà tí à ń pè ní Handmaids of the Holy Child Jesus ti ṣẹ̀ ní ọdún 1931. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí wọn nílé ìwòsàn àti nílé-ìwé. Kàlàbá ni orísun wọn.

Bí a ṣe lè ṣètò rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí ènìyàn ṣe lè ṣe é láìdá ara rẹ̀ lágara.

Èkínní ni àkókò. Òjò Kàlàbá kì í ṣe òjò ṣeréṣeré. Nǹkan bí mítà mẹ́ta òjò ló ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan, ó sì máa ń pọ̀ jù láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án. Oṣù Kejìlá gbẹ, ṣùgbọ́n ìgbà ayẹyẹ Kàrínfà ni. Èrò máa ń pọ̀, owó ilé ìtura a sì máa gbówó lórí. Fún ìdílé tó ń wá ìdákẹ́jẹ́, láti oṣù Kìíní sí Ìkẹta ló dára jù, nígbà tí àwọn ọmọ bá ní ìsinmi ráńpẹ́ ní ilé-ìwé.

Èkejì ni ọ̀nà. Àwọn tó ń ti Makurdi bọ̀ lè gba Ogoja àti Ikom wá. Àwọn tó ń ti Port Harcourt bọ̀ lè gba Ikot Ekpene àti Itu. Ọ̀nà Itu yìí ti bàjẹ́ gan-an ní àwọn ọdún kan, nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ènìyàn sọ fún yín ní èṣí. Ẹ gbéra ní ìdájí, kí ẹ sì rí i pé ilẹ̀ kò ṣú bá yín lọ́nà. Àwọn mìíràn máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Oron sọdá. Bí ẹ bá fẹ́ gba ibẹ̀, ẹ fetí sí òfin mẹ́ta. Ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ tí èrò tàbí ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí kí olúkúlùkù, títí kan ọmọ tó kéré jù, tó wọ ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó. Bí ìjì bá ń bọ̀ tàbí tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Owó ilé ìtura òru kan kò tó ẹ̀mí ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni owó. Ẹ má ṣe yáwó lọ sinmi. Ẹni tó fi gbèsè lọ gbafẹ́, gbèsè náà ni yóò máa jí i lóru. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ láàárín ara yín nínú ilé ní oṣù mẹ́wàá ṣáájú. Ẹ gbé kóló kan sílẹ̀, kí ọmọ náà máa ju náírà tirẹ̀ sí i, kí ó lè mọ̀ pé òun ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹ pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́rin: ti ọkọ̀, ti ibùsùn, ti oúnjẹ, àti ti àìròtẹ́lẹ̀. Ìpín kẹrin yìí ni ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìnídìí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ kọ́kọ́ bi àlùfáà ìjọ yín bóyá ó mọ ilé àlejò tó mọ́ tí kò sì wọ́n.

Ẹ tún wádìí ibi tí ẹ fẹ́ lọ kí ẹ tó lọ. Ìwé pélébé tí a fi ń polówó ìlú máa ń pẹ́ ju nǹkan tó ń polówó lọ. Ní ọdún 2007 ni wọ́n ṣí Tinapa, ibi ìtajà àti ibi ìgbafẹ́ ńlá tí wọ́n náwó púpọ̀ lé lórí lẹ́bàá Kàlàbá, ṣùgbọ́n òwò ibẹ̀ kò gbèrú bí wọ́n ti rò. Ẹni tó bá fi irú ìròyìn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ìlérí fún ọmọ lè já a kulẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni bí a ó ti lo ọjọ́ náà. Kí ẹ dé ní ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ jẹun, kí ẹ sì tètè sùn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ má ṣe lọ ju ibi méjì lọ: ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láàárọ̀, etí odò nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sán ṣófo. Ẹni tó bá ń sáré láti ibì kan dé ibì kan kò sinmi, ó kàn pààrọ̀ iṣẹ́ ni. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ lọ sí Máàsì ní kàtídírà Ọkàn Mímọ́ Jésù tàbí ìjọ tó bá sún mọ́ yín, kí àwọn ọmọ rí i pé ẹbọ mímọ́ kan náà ni, bí èdè orin tilẹ̀ yàtọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ padà.

Ní ti oúnjẹ, ìyá kò gbọdọ̀ dáná. Bí ìyá bá tún ń se oúnjẹ níbẹ̀, ibi ìdáná nìkan ló yí padà fún un. Ẹ jẹ oúnjẹ onílẹ̀. Edikang ikong ni ọbẹ̀ tí wọ́n fi ewé ugu àti gbúre sè, tí omi rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹran àti ẹja sì kún inú rẹ̀. Ẹ tọ́ ekpang nkukwo wò pẹ̀lú. Kókò àti ewùrà ni wọ́n ń rin, tí wọ́n ń fi ewé kókò wé, tí wọ́n sì ń sè pẹ̀lú epo, ẹja àti ìṣáwùrú. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá fẹnu kàn án yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ìbátan ìkòkòrẹ́ ni. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti dé oko bàbá ẹlòmíràn ni láti jókòó ti oúnjẹ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé láti bá ara wa sọ

Gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ wọ̀nyí kò ju ẹni a ti lọ, tí a bá lọ jókòó síbẹ̀ tí olúkúlùkù sì tẹjú mọ́ fóònù tirẹ̀. Bàbá tó ń dáhùn ìpè ilé iṣẹ́ létí odò Kàlàbá, ọ́fíìsì ló ṣì wà. Ẹ sọ fún ọ̀gá àti oníbàárà ṣáájú pé ẹ kò ní sí nílé fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ pa fóònù, àyàfi wákàtí kan lóòjọ́ fún ọ̀ràn pàtàkì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, létí omi, ẹ ṣe nǹkan kan tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi bàbá ní ìbéèrè kan, kí ó bi ìyá ní ìbéèrè kan, kí òbí sì dáhùn láìfi nǹkan pa mọ́. Níbo ni ẹ ti pàdé ara yín? Kí ni ìyà tó jẹ yín jù nígbà èwe? Kí ló gbé yín kúrò nílé wá síbí? Kí bàbá kọ orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́. Kí ìyá ki oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí sájò ló ń jẹ́ Àjàyí àti Àbẹ̀kẹ́ láìmọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí òbí pẹ̀lú bi ọmọ ní ìbéèrè, kí ó sì fetí sí ìdáhùn láìbá a wí. Tọkọtaya pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jókòó sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti owó ilé-ìwé.

Bí ìyá àgbà bá ń gbé pẹ̀lú yín, ẹ mú un dání bí ara rẹ̀ bá gbé e. Òun ló ní ìtàn jù.

A mọ̀ pé àwọn kan ń gbọ́ wa tí owó oúnjẹ kò tíì tó. A mọ̀ pé opó kan ń gbọ́ wa tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́rin. A kò gbàgbé yín. Kì í ṣe Kàlàbá ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá wà ní Makurdi, odò Benue wà níwájú yín. Ẹ di oúnjẹ sínú abọ́, ẹ lọ jókòó lábẹ́ igi kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ bi ara yín ní àwọn ìbéèrè kan náà. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run sì bùkún, bí àyè bá ṣẹ́kù nínú mọ́tò yín, ẹ mú ọmọ opó kan kún tiyín. Ìránṣẹ́ àti àlejò wà nínú òfin ìsinmi, ẹ má jẹ́ kí a yọ wọ́n kúrò.

Ẹ̀yin ará wa, iṣẹ́ ni òògùn ìṣẹ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í ṣe òògùn ìdánìkanwà. Ọmọ yín yóò dàgbà, yóò fò lọ bí ẹyẹ, yóò sì lọ ní àjò tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ní ohun tí yóò sọ nípa yín ju owó ilé-ìwé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa Jésù, ìwọ tí o pe àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti sinmi, wo àwọn ìdílé wa tó wà lájò. Fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí a ṣíṣẹ́ àti ìgbà tí ó yẹ kí a dúró. Ṣọ́ ẹsẹ̀ wa lójú títì, ṣọ́ wa lójú omi. Mú ọkọ padà sọ́dọ̀ aya, mú òbí padà sọ́dọ̀ ọmọ, kí ilé wa lè jẹ́ ilé ní tòótọ́ níbikíbi tí a bá wà. Nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.

Ó dìgbà o. Kí Ọlọ́run Olódùmarè bùkún yín, Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́.